Kí ni wọ́n máa gbà kí n kọ́ sórí ilẹ̀ tí mo fẹ́ rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà. Mo fẹ́ ra pulọ́ọ̀tì kan ní ẹsìtéètì kan lọ́nà Ẹdẹ, níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀. Aránṣọ ni ìyàwó mi, a sì fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ ní ìwé òun pé. Àmọ́ ẹnì kan tó ń gbé àdúgbò náà ní wọn kì í jẹ́ kí èèyàn ṣí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó o. Àwọn méjèèjì lè máa sọ òótọ́. Ìwé tó pé ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Kò sọ ohun tí wọ́n máa jẹ́ kí ẹ kọ́ sórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ sọ fún ẹni tó ń ta ilẹ̀ pé kó fún yín ní ẹ̀dà àdéhùn tí gbogbo ẹni tó rà níbẹ̀ ń fọwọ́ sí. Inú rẹ̀ ni òfin ẹsìtéètì máa ń wà: ilé gbígbé nìkan, fẹ́ǹsì ò gbọdọ̀ ga ju báyìí lọ, ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé láàárín iye ọdún kan. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ó ti dè yín, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ gbé yín lọ sí kọ́ọ̀tù. Bí wọ́n bá ní kò sí ìwé, ẹ lọ bá alága ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, kí ẹ bi í ní pàtó: “Ṣé aránṣọ lè ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé rẹ̀?” Ẹ má bi í pé ṣé kò sí wàhálà, torí “kò sí wàhálà” ni gbogbo èèyàn máa ń dáhùn. Bí ẹ bá sì rí ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí. Ó lè ti wà kí òfin tó dé, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ń bá onítọ̀hún ṣẹjọ́ lọ́wọ́.

Ọ̀tọ̀ ni ti ìjọba. Ẹ mú ìwé awọ̀nlẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ ètò ìlú, àwọn tó ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri ilé. Wọ́n á sọ ohun tí wọ́n ya àdúgbò náà sọ́tọ̀ fún, àti bí ilé ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí títì tó. Kí awọ̀nlẹ̀ tó níwèé àṣẹ bá yín yẹ̀ ẹ́ wò ní Òṣogbo bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà.

Ní Ifẹ̀ tiwa, ẹ tún bi àwọn àgbà bóyá igbó orò wà nítòsí. Ohun àtijọ́ náà tún máa ń wà nínú ilẹ̀ wa: ní 1938, ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ láti kọ́lé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ni wọ́n ti kan àwọn orí bàbà tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Bí irú rẹ̀ bá jáde nínú ìpìlẹ̀ yín, ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ sọ fún àwọn mùsíọ́ọ̀mù ní Ẹnuwá. Òfin ló ní kí ẹ sọ fún wọn.

Kí lọ́yà yín wá kọ ọ́ sínú àdéhùn pé nítorí ilé àti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ni ẹ ṣe ra ilẹ̀ náà, àti pé bí òfin ẹsìtéètì kò bá gbà á, ẹni tó tà á yóò dá owó yín padà. Bí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ má sanwó.