Ẹ Bi Wá: Ìyẹ̀fun rare earth lóko àgbàdo

*Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ẹnìkan kó ìyẹ̀fun kan wá sọ́jà wa, ó ní rare earth ni, pé bí mo bá ti fọ́n ọn sí àgbàdo, mi ò ní ra ajílẹ̀ mọ́. Ṣé òótọ́ ni? — Àgbẹ̀, Ọ̀mù-Àrán*

Ẹ kú oko o. Irọ́ ni pé ó lè rọ́pò ajílẹ̀. Mẹ́táàlì 17 ló ń jẹ́ rare earth. Lanthanum àti cerium ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń tà fún àgbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ oúnjẹ ọ̀gbìn bíi nitrogen. Ní Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń lò ó jù lọ, èyí tí wọ́n ń fọ́n sórí ewé kì í sábà tó kílò kan lórí hẹ́kítà kan.

Bó bá kéré, gbòǹgbò lè gbèrú, ewé a sì dúdú minijọ. Bó bá lé, gbòǹgbò yẹn náà ni yóò kúrú, torí pé lanthanum ń dí ọ̀nà tí calcium ń gbà wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀ yín pé ẹ má kàn fi ọwọ́ bù ú, ẹ wọ̀n ọ́n. Ìyẹ̀fun tí a kò kọ èròjà àti ìwọ̀n sára àpò rẹ̀, ẹ má rà á. Òkúta tí wọ́n ti ń yọ ọ́ sábà máa ń ní thorium nínú, èyí tó ń tan ìtànṣán olóró.

Ẹ má pò ó mọ́ ajílẹ̀ tó ní phosphorus nínú táńkì kan náà. Omi náà yóò funfun bí omi ògì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ yóò dí ẹnu ìfọ́nmi, apá kan nínú phosphorus tí ẹ fowó rà kò sì ní wúlò fún àgbàdo mọ́.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fún gbogbo poro ní ajílẹ̀ NPK bákan náà. Ẹ fọ́n ọn sí poro méjì kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ẹ fo méjì, kí ẹ fọ́n omi lásán sí méjì tó tẹ̀ lé e. Ẹ bo imú. Lọ́jọ́ ìkórè, ẹ wọn ọkà wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí èrè rẹ̀ kò bá san owó ìyẹ̀fun, ẹ fi sílẹ̀: kì í jẹrà, bí ẹ bá ń lò ó lọ́dọọdún, yóò máa pọ̀ sí i nínú ilẹ̀, ilẹ̀ tó bá sì kan (tó ní ásíìdì) ló ń tú u sílẹ̀ fún gbòǹgbò jù.

*Èmi ò rà á rí. Ṣé kò sí lóko mi? — Ọ̀fà*

Ó wà níbẹ̀. Ó wà nínú gbogbo ilẹ̀, ó sì tún ń bá ajílẹ̀ super phosphate wọlé, torí pé ó wà nínú òkúta phosphate tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ náà.