Ẹ Bi Wá: Ta Ló Pa Ìyá Onígàrí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mò ń kọ, Kétu níbí ló ti wáyé. Wọ́n pa ìyá kan tó ń ta gàrí ní 1996, Police Républicaine, ìyẹn ọlọ́pàá Benin níbí, wá a títí, wọn ò rí ẹni tó pa á. Ní 2024 ọlọ́pàá méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́, bàbá kan tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì àti ọmọbìnrin kan láti Àjàṣẹ́, tún ṣí dósíyè náà. Mo fẹ́ kí ADN mú apànìyàn yẹn níparí, ṣé ó bọ́ sí i? (Òǹkàwé, Kétu)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, inú mi dùn sí ìtàn yìí gan-an. ADN, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní DNA, ìyẹn àmì inú ẹ̀jẹ̀ àti ara tó ń fi ẹnì kan hàn yàtọ̀ sí ẹlòmíì, lè ṣe é lóòótọ́. Alec Jeffreys, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ló rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń lò ó láti dá èèyàn mọ̀ ní Leicester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1984, kò sì pẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá fi wá bá a torí ọmọbìnrin méjì tí wọ́n pa lágbègbè ibẹ̀, ọ̀kan ní 1983, ìkejì ní 1986. Ọmọkùnrin kan ti jẹ́wọ́ pé òun ló pa ọ̀kan nínú wọn, àyẹ̀wò yẹn ló gbà á sílẹ̀, 1987 ni wọ́n tó mú ẹni tó pa àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n wọ́n tọ́jú ohun tí wọ́n bá lára àwọn ọmọ náà ni o. Ta ló tọ́jú aṣọ ìyá onígàrí? Tí wọ́n bá ká a sínú ọ̀rá tòun tẹ̀jẹ̀, ó ti jẹrà nìyẹn, ṣe ló yẹ kó gbẹ kí wọ́n tó fi bébà wé e.

Èmi, ẹnu èèyàn ni màá gbára lé. Ọdún 28 kì í ṣe kékeré: ìyàwó tó ní ọkọ òun ò jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn lè ti kọ ọkọ náà sílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tó ń bẹ̀rù ọ̀gá ẹ̀ ti di ọ̀gá, ọ̀gá yẹn gan-an ti kú.

Kò sì sí Police Républicaine ní 1996, 2018 ni wọ́n da ọlọ́pàá àti jandáàmù, àwọn ṣọ́jà tó ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, pọ̀. Ibẹ̀ ladùn ìtàn ẹ wà! Jẹ́ kí bàbá yẹn jẹ́ jandáàmù nígbà náà, kó jẹ́ òun ló kọ ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn sílẹ̀ tí ò bi í léèrè kejì. Ọmọbìnrin Àjàṣẹ́ wá rí orúkọ ẹ̀ nísàlẹ̀ bébà, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n jọ ń jókòó nínú mọ́tò, bàbá ló sì ń pè é, báwo ló ṣe máa là á lẹ́nu? Orí yẹn ni kó o kọ́kọ́ kọ, kó o fi ránṣẹ́ sí mi.