Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí girama lè wọlé kọ́ṣẹ́ dókítà láìgba dìgírì kankan ṣáájú

Ẹ kú àníyàn ọmọ o, Màmá. Ẹ ní ọmọ yín obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba èsì WAEC, dókítà ló fẹ́ dà, àmọ́ àbúrò yín tó wà ní Amẹ́ríkà ní àfi kó kọ́kọ́ gba dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin. Àbúrò yín ò purọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún ló ń sọ. Lọ́dọ̀ wa níbí, MBBS, ìyẹn dìgírì iṣẹ́ dókítà, fúnra rẹ̀ ni dìgírì àkọ́kọ́: ọdún 6 fún ẹni tó bá JAMB wọlé, ọdún 5 fún ẹni tó gba Direct Entry, ìyẹn ẹni tó wọ ọdún kejì tààrà. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní kó lọ mú Microbiology ná, pé tó bá débẹ̀ yóò yí i padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti há síbẹ̀. Kó tún JAMB ṣe sàn jùyẹn lọ fíìfíì.

Ẹ gbé èsì WAEC yẹn jáde. Ká fi UNILAG ṣe àpẹẹrẹ: wọ́n fẹ́ kírẹ́díìtì nínú English, Maths, Physics, Chemistry àti Biology, ní ìjókòó kan ṣoṣo. Tí ọ̀kan bá jẹ́ D7, ẹ má ronú pé ẹ ó fi NECO lẹ̀ ẹ́. Márààrún ni kó tún jókòó ṣe. Ó sì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 16.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí kò ti ṣírò dáadáa nìyí. Nínú 100 ní UNILAG, JAMB kó 50, Post-UTME (ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB) kó 30, èsì WAEC kó 20. Wọ́n á fi 8 pín máàkì JAMB. Nínú WAEC, A1 jẹ́ 4, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, C4 jẹ́ 2.8, C5 jẹ́ 2.4, C6 jẹ́ 2. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ méjì. Ọ̀kan gba 320 nínú JAMB, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. B3 mẹ́ta àti C4 méjì ló ní ní WAEC. Èkejì gba 296, àmọ́ A1 ló kó nínú márààrún. Ká ní àwọn méjèèjì gba 25 nínú Post-UTME, ti àkọ́kọ́ á jẹ́ 40 + 25 + 15.2, ìyẹn 80.2. Ti èkejì á jẹ́ 37 + 25 + 20, ìyẹn 82. Ọmọ 296 ló wà níwájú. Tí C bá kún inú èsì ọmọ yín, kó tún WAEC ṣe kí ẹ tó kówó lé lẹ́sìnnì JAMB olówó gọbọi.

Máàkì 1 nínú Post-UTME dọ́gba pẹ̀lú 8 nínú JAMB. English, Biology, Chemistry àti Physics ni ẹni tó fẹ́ ṣe MBBS ń kọ ní JAMB, Maths ò sí ńbẹ̀, làwọn ọmọ bá gbàgbé rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Post-UTME UNILAG ń bi wọ́n ní Maths! Kó máa ṣe é lójoojúmọ́, kó máa wo aago bó ṣe ń ṣe é.

Ìwé wíwá ń kọ́? Orúkọ tó wà lórí NIN ni JAMB máa mú, nítorí náà kó tó fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 láti gba nọ́ńbà profáìlì, ẹ fi NIN àti WAEC síra wọn, kí ẹ wò wọ́n lẹ́tà sí lẹ́tà. Tí ẹ bá rí ìyàtọ̀, NIMC ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ tún un ṣe. Lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, ẹ dúró ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́: ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ UNILAG tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ ń lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ rí i pé wọ́n gbé èsì WAEC sórí JAMB, kí ẹ sì gba ẹ̀rí rẹ̀ dání. Ọmọ tí JAMB ò bá rí èsì rẹ̀ lórí CAPS, ojú òpó tí wọ́n fi ń fún ọmọ láyè wọlé, ò ní rí ààyè, bó ti wù kí máàkì rẹ̀ ga tó.

LASU náà ń ṣe MBBS ní Ìkẹjà, ìṣirò tiwọn sì yàtọ̀.

Tí máàkì ò bá tó, JUPEB wà, ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan tí ọmọ lè fi gba Direct Entry. Biology, Chemistry àti Physics ni kó mú. A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3; tó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á fi 1 kún un, ó di 16 tó bá gba A mẹ́ta. Níbi MBBS, A mẹ́ta yẹn ni kó fojú sùn. 200 level ló máa bọ́ sí. Tó bá jẹ́ IJMB, ètò mìíràn tó jọ JUPEB, ni wọ́n ń polówó fún yín, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB bóyá ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ gbà á fún MBBS, nítorí pé kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹ má sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún UTME (ìdánwò JAMB) àti Direct Entry lọ́dún kan náà, JAMB ò fàyè gbà á.