Ìbéèrè yín: Ọmọ mi ní òun fẹ́ máa ta ṣẹ́lò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, ló rí fídíò ìgbéyàwó ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì kan lórí fóònù mi, ọmọkùnrin adúláwọ̀ kan jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé nǹkan ràbàtà kan sáàárín orúnkún, ó ń fà á. Látọjọ́ náà ni ò ti jẹ́ ká sinmi, àfi kóun máa ta ṣẹ́lò. Bàbá ẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ọjà ni ọmọ fẹ́ máa tà. Ta ni ọmọkùnrin yẹn, ṣé iṣẹ́ tó ń bọ́ èèyàn ni, àbí ó ti pẹ́ jù fún un? – Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, Kétu, Benin

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín bàbá ọmọ tán ná. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ohun èlò orin olókùn tí wọ́n ń pè ní violoncelle níbí náà ni ṣẹ́lò.

Sheku Kanneh-Mason lorúkọ ọmọkùnrin yẹn, Nottingham ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1999, Sierra Leone ni wọ́n bí ìyá ẹ̀ sí, ìdílé bàbá ẹ̀ sì wá láti Antigua. Òun ni ìkẹta nínú ọmọ méje, àwọn méjèèje ló dẹ̀ ń lo ohun èlò orin, ẹ wá wo bí ilé yẹn á ṣe máa rí láàárọ̀, ẹni kan wà nídìí piano, ẹni kan ń fa violon, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìgbà tí fáńfà bá kó dé ilé olókùú lÁjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Ọmọ ọdún 6 ló bẹ̀rẹ̀ ṣẹ́lò. Ó gba ìdíje BBC Young Musician lọ́dún 2016, àtọdún 1978 tí wọ́n ti ń ṣe é, òun ladúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gbà á. Ìgbéyàwó Harry àti Meghan tẹ́ ẹ rí yẹn, May 2018 ni, ọmọ ọdún 19 ni nígbà yẹn.

Ọmọ ọdún 6 yẹn lè máa bà yín lẹ́rù, ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ti Pablo Casals nígbà náà. Ará Sípéènì ni, ọdún 1876 ni wọ́n bí i, ọ̀pọ̀ ló gbà pé kò sẹ́ni tó ta ṣẹ́lò tó o láyé ẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ló tó bẹ̀rẹ̀ ṣẹ́lò gan-an gan-an, bíi ti ọmọ yín gẹ́lẹ́. Èyí tó máa ń dùn mọ́ mi jù ni pé kó tó rí ojúlówó, igbá ni bàbá ẹ̀ fi ṣe tiẹ̀ fún un. Igbá o! Kí la wá ń pè ní gòjé? Igbá tí wọ́n fi awọ bò, irun ìrù ẹṣin ni wọ́n fi ń fà á, irun ẹṣin náà ló wà lára ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa ṣẹ́lò dòní. Méjèèjì ò ní irin tó ń pààlà sí ọrùn wọn bíi ti gìtá, etí ẹni ló ń sọ ibi tí ìka máa bọ́ sí. Ọmọ ọdún 13 ni Casals nígbà tó rí ìwé orin tí Bach, ará Jámánì kan tó ń kọ orin láyé àtijọ́, kọ fún ṣẹ́lò nínú ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan ní Barcelona, ó fi bí ọdún 12 kọ́ ọ kó tó ta á níwájú èèyàn. Ọdún 12!

Ti oúnjẹ ńkọ́? Lókè òkun, ẹgbẹ́ olórin ńlá máa ń san owó oṣù, àwọn mìíràn ń kọ́ ọmọ, àwọn tó ń dá jókòó síwájú bíi Sheku ò pọ̀ rárá. Níbí, èmi ò tíì rí ẹni tí ṣẹ́lò nìkan ń bọ́, kí n má purọ́ fún yín. Kó máa kàwé ẹ̀ lọ.

Ẹ sì má sáré rà á. Inú ṣẹ́lò ní igi kékeré kan tó dúró gbọnrangandan láàárín ikùn àti ẹ̀yìn ẹ̀, wọn ò fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, bí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe le ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, âme làwọn Faransé ń pè é, ìyẹn ẹ̀mí. Lọ́dún kan tí ọyẹ́ mú, ẹnì kan tó ń bá mi tọ́jú tèmi rò pé òun ń ṣoore ni, ó tú okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé e sókè, mo gbọ́ kò-kò-kò nínú ẹ̀, ẹ̀mí ti ṣubú. Mo so okùn padà tán, ohùn ẹ̀ wá dà bí ìgbà téèyàn ń lu agolo tòmátì, mo sì dúró oṣù méjì kí n tó rẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ti irin gba ojú ihò wọlé láti gbé e dìde. Kétu tiyín tún gbẹ ju Àjàṣẹ́ lọ, ọyẹ́ lè la pákó ẹ̀ sí méjì.

Tẹ́ ẹ bá wá máa rà á lọ́jọ́ kan, ṣẹ́lò ọmọdé wà lọ́tọ̀, kí wọ́n má ta ti àgbà fún yín. Ní báyìí ná, ẹ ní kí bàbá ẹ̀ lọ wá igbá kan tó dáa.