Interpretor: ta ló ń túmọ̀, kí ni wọ́n sì ń túmọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Ọdún kìíní ni mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Kátólíìkì. Mo rí interpretatur nínú ìdánwò Látìn, mo kọ "wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀". Wọ́n fagi lé e, wọ́n ní "ó ń túmọ̀ rẹ̀" ni. Àmọ́ nínú Mátíù 1:23 lédè Látìn, quod est interpretatum tó tẹ̀ lé Emmanuel, "èyí tí a túmọ̀ sí" ni wọ́n ní ó jẹ́. Èwo ni kí n gbà? Ìwé atúmọ̀ èdè tún to oríṣiríṣi ìtumọ̀ síwájú mi.

Ìdáhùn: Ẹni tó fagi lé e jàre, Bíbélì náà ò sì jẹ̀bi. Deponent ni interpretor, "mo ń túmọ̀": ìrísí rẹ̀ jọ ti ohun tí wọ́n ṣe sí ènìyàn, àmọ́ ẹni tó ń ṣe é gan-an ló ń tọ́ka sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni loquor, "mo ń sọ̀rọ̀", àti sequor, "mo ń tẹ̀ lé". Ẹ há a sórí báyìí: interpretor, interpretari, interpretatus sum. Nígbà tí Lúùkù 24:27 ní interpretabatur illis, Jésù ló ń ṣàlàyé. Illis ni àwọn méjì tó ń gbọ́ ọ lójú ọ̀nà Émáúsì.

Interpretatus ló máa ń da ọ̀rọ̀ rú. Ó lè jẹ́ "ẹni tó ti túmọ̀", ó sì lè jẹ́ "ohun tí a ti túmọ̀". Cicero, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Róòmù ayé àtijọ́, pàápàá lò ó lọ́nà kejì yìí, nítorí náà ẹ má pè é ní Látìn ìjọ lásán. Ohun tó ya Bíbélì sọ́tọ̀ ni Hébérù 7:2, níbi tí interpretatur fúnra rẹ̀ ti jẹ́ "a túmọ̀ rẹ̀ sí": qui interpretatur rex iustitiae ń sọ pé orúkọ Mẹlikisédékì túmọ̀ sí ọba òdodo. Ẹ má gbé ìyẹn lọ síbi ìdánwò lórí Cicero o.

Ní ti ìtumọ̀ rẹ̀, ara interpres ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ, alárinà sì ni interpres, kì í ṣe ògbufọ̀ nìkan. Nínú eré Miles Gloriosus ti Plautus, ẹrú kan gbé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wá fún jagunjagun, ó ní per me interpretem ló fi dé: "èmi ni alárinà rẹ̀". Akéwì Róòmù náà, Vergil, pe Mercury ní interpres divum, torí òun ló ń jíṣẹ́ àwọn òrìṣà fún ènìyàn.

Nítorí náà, ẹ wo àbọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe náà kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Bó bá jẹ́ somnia, àlá ni wọ́n ń túmọ̀. Bó bá jẹ́ leges, òfin ni wọ́n ń ṣàlàyé. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣubú ni ọ̀rọ̀ tàbí ìwà ẹlòmíì tó bá bá bene, "dáadáa", tàbí male, "lọ́nà búburú", rìn. Male interpretari kì í ṣe pé ògbufọ̀ ò mọṣẹ́. Ẹnì kan ló gba ọ̀rọ̀ sódì.

Bó bá sì jẹ́ láti èdè kan sí òmíràn, ẹ ṣọ́ra. Nígbà tí Cicero ń sọ bí òun ṣe yí ọ̀rọ̀ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Gíríìkì padà, ó ní nec converti ut interpres, sed ut orator: òun ò ṣe é bí ògbufọ̀, bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lòún ṣe é. Ẹni tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ ló ń pè ní interpres níbẹ̀, lójú tèmi, kò fi bu iyì kún un. Jerome Mímọ́, ẹni tó túmọ̀ Bíbélì sí Látìn, fa gbólóhùn yìí yọ láti fi gbèjà ara rẹ̀ nínú lẹ́tà 57, De optimo genere interpretandi, ní nǹkan bí ọdún 395. Jerome ní ìtumọ̀ gbólóhùn lòún ń gbé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àfi nínú Ìwé Mímọ́, níbi tí ètò ọ̀rọ̀ pàápàá ti jẹ́ ohun ìjìnlẹ̀. Ẹ kà á. Kò gùn, ìbínú sì wà nínú rẹ̀.

Wọ́n tún lè fi gerundive, ìrísí ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń sọ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe sí nǹkan, dán yín wò: lex interpretanda, "òfin tí a gbọ́dọ̀ túmọ̀". Deponent ni ọ̀rọ̀ ìṣe náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbí, òfin kọ́ ló ń túmọ̀ nǹkan, òun ni wọ́n ń túmọ̀.