Ẹ Bi Wá: Ṣé lóòótọ́ ni wọn kò jẹ́ kí ìyá wa dìbò?

Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ọ̀fà ni mo ń gbé. Ìyá tó bí màmá mi ní àbúrò àwọn tó wà nílé ọkọ ní Ìkìrun dìbò ní 1959, ṣùgbọ́n wọn kò gbà fún àwọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ ogbó ló ń dà wọ́n láàmú.

Ìdáhùn: Òótọ́ pọ́ńbélé ni, ọmọ mi. Kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ màmá. Abẹ́ ìjọba Àríwá ni Ọ̀fà àti Ìlọrin wà nígbà náà, ọkùnrin nìkan ló ń dìbò níbẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkìrun wà, tọkùnrin tobìnrin ló ń dìbò. Ó di 1976 kí obìnrin Àríwá tó gba ẹ̀tọ́ yìí. Hajiya Gambo Sawaba ti Zaria, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú NEPU ní Àríwá, wà lára àwọn tó jà fún un. Àìmọye ìgbà ni wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n.

A ti kó ère òkúta ìlú Ẹ̀sìẹ́ ní Kwara sí mùsíọ́mù láti 1945, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ìyá wa ló kù tí a kò tọ́jú. (Ó ń bí mi nínú o!) Gba ohùn màmá sílẹ̀ sórí fóònù. Má bi wọ́n ní ti ìbò nìkan. Ní kí wọ́n kọ orin tí wọ́n fi ń gbé Ọ̀pẹ (àmì ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ti Awólọ́wọ̀) lárugẹ, àti èyí tí wọ́n fi ń bú u. Kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, wọkọ̀ lọ sí Ìkìrun, kí o gbọ́ tẹnu àbúrò wọn.