Ẹ Kọ́kọ́ Wo Èyí Tí Kò Wó: Fífi Ẹsẹ̀ Rìn Láàárín Àlàpà Antigua Guatemala

Ẹ béèrè bóyá ọjọ́ kan tó láti fi ẹsẹ̀ rìn yí àwọn ilé àtijọ́ tí ìmìtìtì ilẹ̀ bà jẹ́ ní ìlú Antigua Guatemala, ní orílẹ̀-èdè Guatemala ní Àárín Amẹ́ríkà, ká, àti ibi tí ó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan kò tó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, mo tẹ̀ lé afinimọ̀nà kan tí ó mú wa wo ibi mẹ́jọ láàárín wákàtí mẹ́rin. Nígbà tí a ṣe tán, gbogbo àlàpà náà ti dà pọ̀ lójú mi, n kò sì lè sọ ìdí tí ọ̀kan fi wó tí èkejì fi dúró.

Nígbà tí mo padà lọ, èmi nìkan ni mo rìn, ṣọ́ọ̀ṣì La Merced ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1767 ni wọ́n kọ́ ọ parí, ọdún mẹ́fà péré kí ilẹ̀ tó mì ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1773, èyí tí ó mú kí ìjọba Sípéènì gbé olú-ìlú kúrò níbẹ̀ ní 1776 lọ sí ibi tí Guatemala City wà lónìí. La Merced kò wó. Ẹ dúró níwájú rẹ̀ dáadáa: ó kúrú, ó fẹ̀, ògiri rẹ̀ nípọn, ilé agogo rẹ̀ méjèèjì sì rọra jókòó sílẹ̀ ni, nítorí àwọn tí ó kọ́ ọ ti mọ ohun tí ilẹ̀ náà lè ṣe.

Láti ibẹ̀, ẹ gba ìhà ìlà-oòrùn lọ sí Las Capuchinas, ilé àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n ṣí ní 1736. Àwọn òpó rẹ̀ sanra, wọ́n sì kúrú, ẹ óò sì rí yàrá kéékèèké 18 tí ó yí àgbàlá róbótó kan ká. Kàtídírà wà ní ẹ̀gbẹ́ gbàgede àárín ìlú. Iwájú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣì ń lò, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọ̀run ni òrùlé.

Ẹ fi La Recolección, tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn ọjà, sílẹ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọdún 1717 tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì náà gan-an ni ilẹ̀ mì tí ó bà á jẹ́. Ti 1773 ni ó wá wó o lulẹ̀. Àwọn ègé òrùlé rẹ̀ tí ó tóbi ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ ṣì wà nílẹ̀ lónìí. Mo jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ La Merced ti wá yé mi tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gùn wọ́n.

Ẹ wọ bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ le, nítorí òkúta ni wọ́n tò sí ojú títì gbogbo, mo sì fi ọrùn ẹsẹ̀ rọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹwàá, òjò sábà máa ń rọ̀ lọ́sàn-án, nítorí náà ẹ tètè jáde. Bí ọ̀nà bá dà rú mọ́ yín lójú, ẹ wá òkè ayọnáyèéfín Agua. Gúúsù ni ó wà.